Ìdánwò àṣekágbá ìtàn: báwo ni mo ṣe lè dá àwọn ìlànà inú ìwé òfin Amẹ́ríkà mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kíláàsì Kọkànlá

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kíláàsì kọkànlá ni mo wà ní Amẹ́ríkà, ìdánwò àṣekágbá wa nínú ẹ̀kọ́ ìtàn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dá lórí àwọn ìlànà tí wọ́n gbé ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà kà. Méje ni olùkọ́ wa kà fún wa: pé ọwọ́ ará ìlú ni àṣẹ ti wá, pé àwọn aṣojú tí a dìbò yàn ni yóò máa ṣèjọba, pé agbára ìjọba ní ààlà, pé a pín agbára náà sí ẹ̀ka mẹ́ta, pé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti máa kó ara wọn níjàánu, pé ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ jọ pín àṣẹ, àti pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ tí ìjọba kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Mo ti kọ́ ìtumọ̀ wọn sórí, mo sì lè kà wọ́n tẹ̀léra láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ti sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀, tó wá ní kí n mú ìlànà tó bá a mu, ojú mi a dà rú. Àpẹẹrẹ kan nìyí nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n fún wa láti fi múra sílẹ̀: ní ọdún 1952, Ààrẹ Truman pàṣẹ kí ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ irin, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà wo ni èyí fi hàn? Lójú mi, ìpín agbára bá a mu, kíkó ara ẹni níjàánu bá a mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ààlà agbára ìjọba. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tí olùkọ́ ń wá? Àròkọ kan tún wà nínú ìdánwò náà, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Olùkọ́ Ìtàn

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gan-an ni mo ti máa ń rí ìṣòro yìí, nítorí pé wọ́n kọ́ ìtumọ̀ ìlànà sórí, wọn kò kọ́ ohun tó bí i. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tó ṣàdédé wá. Ẹ̀rù ló wà nídìí wọn, bí o bá sì mọ ohun tó ba àwọn tó kọ ìwé òfin náà lẹ́rù, ìwọ fúnra rẹ yóò lè sọ ìlànà tí wọn yóò fi dènà rẹ̀ kí olùkọ́ tó sọ ọ́.

Ẹ̀rù méjì ló bá wọn wọ inú gbọ̀ngàn ìpàdé ní Philadelphia ní oṣù karùn-ún ọdún 1787. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù ìjọba tí apá kò ká. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun kúrò lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin kan tí wọn kò ní aṣojú kankan nínú rẹ̀ ti bu owó orí lé wọn. Ẹ̀rù kejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé, òun náà sì ni ẹ̀rù ìjọba tí kò lágbára rárá. Àdéhùn àkọ́kọ́ tó so àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá pọ̀, èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1781, fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè náà, láyè láti bẹ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n mú owó wá, ṣùgbọ́n kò fún un ní agbára láti gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ààrẹ tí yóò mú òfin ṣẹ, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó kárí orílẹ̀-èdè. Bí a bá fẹ́ tún àdéhùn náà ṣe, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ní láti fọwọ́ sí i. Nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sì wá owó ibodè ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun, kíkọ̀ tí Rhode Island kọ̀ ní ọdún 1782 tó láti da gbogbo rẹ̀ nù. Ní ọdún 1786, àwọn àgbẹ̀ tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn ní Massachusetts gbé ohun ìjà, wọ́n sì dí àwọn ilé ẹjọ́ pa kí wọ́n má baà gba ilẹ̀ wọn. Ìjọba àárín gbùngbùn kò ní owó tí yóò fi kó ọmọ ogun jọ. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n dá owó tí ìpínlẹ̀ náà fi rán àwọn ológun tirẹ̀ lọ pa ọ̀tẹ̀ náà rẹ́.

Di ẹ̀rù méjèèjì yìí mú, kí o wá padà sí àwọn ìlànà rẹ. Ààlà agbára, ìpín agbára, kíkó ara ẹni níjàánu àti ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn ń dáhùn. Ìlànà pé ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ pín àṣẹ ló gbé ẹ̀rù méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà: ó fún ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti gba owó orí, láti kó ọmọ ogun jọ àti láti ṣètò òwò láàrin àwọn ìpínlẹ̀, síbẹ̀ ó fi ìyókù sílẹ̀ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Èmi gbà pé òun ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, òun náà sì ni àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì parí láti ìgbà náà wá.

Ní ti ìpín agbára àti kíkó ara ẹni níjàánu tó ń dà ọ́ láàmú, ìyàtọ̀ wọn kò pamọ́. Ìpín agbára ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́: Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ń ṣòfin, ààrẹ ló ń mú òfin ṣẹ, adájọ́ ló ń túmọ̀ rẹ̀. Kíkó ara ẹni níjàánu ń sọ pé ẹni tó ni iṣẹ́ náà kò ní dá a ṣe láìsí ẹni tó lè dá a dúró. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè fọwọ́ sí àbádòfin kí ààrẹ kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì tó wà nínú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣojúṣòfin àti ilé aṣòfin àgbà, bá dúró tì í, yóò di òfin láìka ti ààrẹ sí. Ààrẹ ló ń yan adájọ́, ilé aṣòfin àgbà ló ń fọwọ́ sí i. Ilé aṣojúṣòfin ló ń fi ẹ̀sùn kan ààrẹ, ilé aṣòfin àgbà ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì gbọ́dọ̀ dá a lẹ́bi kó tó kúrò nípò. Ní ọdún 1868, ìbò kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n yọ Ààrẹ Andrew Johnson. James Madison, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé òfin náà, ti ṣàlàyé èyí ní ọdún 1788: bí ènìyàn bá jẹ́ áńgẹ́lì, kò ní sí ìdí fún ìjọba, níwọ̀n bí ènìyàn kì í ti í ṣe áńgẹ́lì, ẹ jẹ́ kí ìfẹ́ ipò ẹni kan máa dènà ìfẹ́ ipò ẹlòmíràn.

Wàyí o, jẹ́ kí a wo Truman. Ogun Korea ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin fẹ́ gùn lé ìyanṣẹ́lódì, Truman sì pàṣẹ ní oṣù kẹrin ọdún 1952 pé kí ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ náà. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò ṣe òfin kankan tó fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀. Kódà ní ọdún 1947, wọ́n ti jíròrò bóyá kí wọ́n fún ààrẹ ní irú agbára yìí, wọ́n sì kọ̀. Adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta ló dá ẹjọ́ náà, adájọ́ Hugo Black tó kọ ìdájọ́ náà sì sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ aṣòfin ni ààrẹ ń ṣe.

Nítorí náà, wo ohun tí ìbéèrè náà ń béèrè gan-an. Bí ó bá béèrè ìdí tí àṣẹ Truman fi lòdì sí ìwé òfin, ìpín agbára ni ìdáhùn, nítorí pé ó ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Bí ó bá béèrè ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe sí ààrẹ, kíkó ara ẹni níjàánu ni, nítorí pé ẹ̀ka kan dá ẹ̀ka mìíràn dúró. Bí ó bá tẹnu mọ́ ọn pé Truman gbọ́ràn, tó dá àwọn ilé iṣẹ́ náà padà fún àwọn tó ni wọ́n, ààlà agbára ìjọba ló ń tọ́ka sí. Bí o ṣe kọ ìbéèrè rẹ síbí, tí ọ̀rọ̀ parí sí orí pé ilé ẹjọ́ ní kò lẹ́tọ̀ọ́, kíkó ara ẹni níjàánu ni èmi yóò mú. Wá ẹni tó ṣe nǹkan, ohun tó ṣe àti ẹni tó ṣe é sí, kí o tó wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sísàlẹ̀.

Ẹni Tó Ṣe É Lọ́dún Tó Kọjá

Olùkọ́ ti sọ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, n ó kàn fi ti bí a ṣe ń múra sílẹ̀ kún un. Ọ̀rẹ́ mi, ka ìwé òfin náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ka àlàyé lórí rẹ̀ títí ìdánwò fi dé láìṣí i wò, bẹ́ẹ̀ ó kúrú gan-an: orí méje péré ni, lẹ́yìn náà àtúnṣe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe tò ó pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Orí kìíní jẹ́ ti aṣòfin, orí kejì jẹ́ ti ààrẹ, orí kẹta jẹ́ ti ilé ẹjọ́, o sì ti rí ìpín agbára lójú ewé kí o tó ka gbólóhùn kan. Orí kẹrin dá lórí àwọn ìpínlẹ̀, ìkarùn-ún lórí bí a ṣe ń ṣe àtúnṣe, ìkẹfà ló sì sọ pé ìwé òfin yìí àti àwọn òfin ìjọba àpapọ̀ tó bá a mu ló lékè òfin ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Ìkeje sọ pé bí ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án bá ti fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. New Hampshire ló ṣe ìkẹsàn-án ní oṣù kẹfà ọdún 1788.

Ohun kejì ni pé kí o má ṣe kó ẹjọ́ ogún jọ. Mú díẹ̀ kí o mọ̀ wọ́n dénú. Èmi mú mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ Marbury àti Madison ní ọdún 1803. Adájọ́ àgbà John Marshall gbà pé Marbury lẹ́tọ̀ọ́ sí ipò adájọ́ kékeré tí ìjọba fi dù ú, ṣùgbọ́n ó ní òfin tó ní kí Marbury gbé ẹjọ́ náà tọ àwọn wá tààrà lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ó sì fagi lé òfin náà. Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tí olùkọ́ fẹ́ràn láti dẹ: kò sí ibì kankan nínú orí kẹta tí a ti kọ ọ́ pé ilé ẹjọ́ lè fagi lé òfin. Ẹjọ́ yìí ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìkejì ni McCulloch àti ìpínlẹ̀ Maryland ní ọdún 1819. Maryland bu owó orí lé báńkì tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dá sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè dá báńkì sílẹ̀ bí a kò tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ báńkì sínú ìwé òfin, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ọ̀nà tó yẹ láti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un, àti pé ìpínlẹ̀ kò lè gba owó orí lọ́wọ́ ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà o, má ṣe mú kíkó ara ẹni níjàánu níbẹ̀ nítorí pé o rí ilé ẹjọ́ nínú ìtàn náà. Ìkẹta ni ti Ààrẹ Nixon ní ọdún 1974, nígbà tí adájọ́ mẹ́jọ fohùn ṣọ̀kan láìsí alátakò pé kí ó kó àwọn téèpù tó gba ohùn sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ wá fún ilé ẹjọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò Kan

Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ̀rọ̀ tó jíire, àfi pé mo fẹ́ kìlọ̀ nípa àròkọ rẹ, àbúrò. Bí o bá kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ìlànà wọ̀nyí ti pé pérépéré láti ọdún 1787, o ti fi ìdajì ìtàn náà sílẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ìwé òfin náà ní àwa ará ìlú ló gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún iye àwọn ẹrú ni kí wọ́n kà mọ́ iye ènìyàn ìpínlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ìjókòó ilé aṣojúṣòfin. Àwọn ẹrú kò dìbò, síbẹ̀ iye wọn ń fi kún agbára àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ dá kíkó ẹrú wọlé dúró ṣáájú ọdún 1808. Ó dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ìwé ìmúrasílẹ̀ máa ń sáré kọjá ibẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí àròkọ rẹ dojú kọ ni pé, ta ni wọ́n kà sí ará ìlú, báwo ni ìdáhùn náà sì ṣe yí padà? Ní ọdún 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé aláwọ̀ dúdú tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yálà ó ti gba òmìnira tàbí kò tíì gbà á. Ogun abẹ́lé ló fọ́ ìdájọ́ yìí. Àtúnṣe kẹtàlá fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1865. Ìkẹrìnlá, ní ọdún 1868, sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ náà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, àti pé ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ààbò òfin tó dọ́gba du ẹnikẹ́ni. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ní ọdún 1870, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ ara du ènìyàn ní ìbò. Àwọn obìnrin dúró títí di ọdún 1920 kí àtúnṣe kọkàndínlógún tó dé.

Ìyípadà ńlá kan wà nínú àtúnṣe kẹrìnlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà fura sí. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni àwọn àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 1791, kọ́kọ́ dè lọ́wọ́. Nípasẹ̀ ìkẹrìnlá ni ilé ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn fún àwọn ìpínlẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Gideon, ọkùnrin kan tí kò lówó agbẹjọ́rò ní Florida, fi lè jàre ní ọdún 1963 pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún òun ní agbẹjọ́rò. Bí o bá lè kọ èyí sínú àròkọ rẹ, o ti fi hàn pé o mọ bí ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìpín àṣẹ láàrin ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ṣe so mọ́ra.

Fi ọ̀nà àtúnṣe náà kún un. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un le ni: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ló ń dábàá rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn méjìdínlógójì nínú àádọ́ta lónìí, ló sì ń fọwọ́ sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kíláàsì Kọkànlá

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, ìwọ náà ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. Mo ka orí kìíní dé ìkeje lálẹ́ àná, mo sì rí i pé òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa bí wọ́n ṣe tò ó. Mo tún padà sí àwọn ìbéèrè mi, púpọ̀ nínú wọn sì ti yé mi. Ọ̀kan ló ṣì ń dí mi lọ́wọ́. Ó ní ní ọdún 1957, gómìnà Arkansas dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án lọ́nà láti wọ ilé ìwé ní Little Rock, Ààrẹ Eisenhower sì rán ọmọ ogun lọ. Mo mú kíkó ara ẹni níjàánu, nítorí pé ààrẹ dá gómìnà dúró. Ìwé ìdáhùn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé?

Olùkọ́ Ìtàn

Ìbéèrè rere lèyí, ọmọ mi. Àárín ẹ̀ka mẹ́ta ìjọba àpapọ̀ ni kíkó ara ẹni níjàánu ti ń ṣiṣẹ́, àárín Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ààrẹ àti ilé ẹjọ́. Gómìnà kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìpínlẹ̀ ló dúró fún, nítorí náà nígbàkígbà tí o bá rí gómìnà tàbí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀, kọ́kọ́ ronú nípa bí àwọn méjèèjì ṣe pín àṣẹ, àti nípa orí kẹfà tó sọ òfin tó lékè.

Wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Ní ọdún 1954, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Brown pé yíya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba nítorí àwọ̀ ara lòdì sí ààbò tó dọ́gba tí àtúnṣe kẹrìnlá ṣèlérí. Gómìnà Orval Faubus kó àwọn ológun ìpínlẹ̀ rẹ̀ síwájú ilé ìwé náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957 kí àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán má baà wọlé. Eisenhower gba àwọn ológun náà kúrò lábẹ́ àṣẹ gómìnà, ó fi wọ́n sábẹ́ àṣẹ ara rẹ̀, ó sì rán àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka 101 lọ láti sin àwọn ọmọ náà wọlé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fohùn ṣọ̀kan pé kò sí aláṣẹ ìpínlẹ̀ tó lè kọ etí ikún sí ìtumọ̀ tí àwọn ti fún ìwé òfin. Bí ìbéèrè bá tẹnu mọ́ àwọn ọmọ náà, ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Bí ó bá tẹnu mọ́ gómìnà àti ààrẹ, ìpín àṣẹ láàrin ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ni.

Ìtàn kan náà ni ti South Carolina ní ọdún 1832, nígbà tó kéde pé òfin owó ibodè ìjọba àpapọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ òun, tí Ààrẹ Andrew Jackson sì dáhùn pé ìpínlẹ̀ kò ní agbára láti fagi lé òfin orílẹ̀-èdè. Fi ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àròkọ rẹ, nítorí pé wọ́n fi hàn pé àríyànjiyàn kan náà ló ń padà wá lábẹ́ orúkọ mìíràn. Kọ ìpínrọ̀ kan lórí South Carolina láìwo ìwé, kí o gbé e síbí kí ìdánwò tó dé, a ó sì bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.